Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Róòmù ní Ọjọ́ Mẹ́ta Láì Lo Ìdajì Rẹ̀ Lórí Ìlà

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní ní Róòmù, ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ?" Mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí mọ́. Ìdáhùn mi kì í sì í tẹ́ wọn lọ́rùn, torí n kì í dárúkọ ibì kankan. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Ibi tí ẹ bá yíjú sí ní Róòmù lẹ ó ti rí nǹkan wò. Ohun tó ń ba ìrìn àjò kúkúrú jẹ́ níbẹ̀ ni pé ẹ ó dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, tàbí kí ẹ dúró nínú oòrùn fún wákàtí méjì nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ì bá ti rà lórí fóònù yín lóṣù tó kọjá.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó kúrò nílé fi gba àyè púpọ̀ nísàlẹ̀ yìí.

## Ẹ mọ orúkọ ọjọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, kí ẹ sì wò ó bóyá èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí bọ́ sí àárín wọn:

- Ọjọ́ Ajé: Galleria Borghese (ilé àwòrán àti ère) máa ń tì pa, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù ìjọba. Colosseum (pápá ìran ńlá ti Róòmù àtijọ́) àti Mùsíọ̀mù Vatican máa ń ṣí.
- Ọjọ́rú láàárọ̀: bí Póòpù bá wà nílé, ó máa ń pàdé àwọn èèyàn ní gbangba. Ìta Bàsílíkà Pétérù Mímọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá inú Vatican, á kún dẹ́nu, ẹ kò sì ní lè wọ inú bàsílíkà títí wọ́n á fi parí.
- Ọjọ́ Àìkú: Mùsíọ̀mù Vatican máa ń tì. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù nìkan ni wọ́n ń ṣí i, lọ́fẹ̀ẹ́, títí di aago méjì ọ̀sán.
- Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù: ọ̀fẹ́ ni Colosseum àti àwọn mùsíọ̀mù ìjọba.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn wọ̀ yín lójú. Ẹni tó ní oṣù kan ní Róòmù lè lọ tò. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní. Ààbọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lò lórí ìlà wọ́n ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọjọ́ Pétérù àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ tí í ṣe ọdún ìlú Róòmù gan-an, àti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà máa ń tì tí àwọn onílùú á ti sá lọ sí etí òkun. Oṣù keje àti ìkẹjọ gbóná kọjá àfẹnusọ. Bí ẹ bá lè yàn, ẹ mú oṣù kẹrin, ìkarùn-ún tàbí ìkẹwàá.

## Tíkẹ́ẹ̀tì: bí ẹ ó ṣe tò ó tẹ̀ léra

Ibi mẹ́ta ló le jù, torí tíkẹ́ẹ̀tì wọn ní ọjọ́ àti wákàtí lára, ó sì máa ń tán: Colosseum, Mùsíọ̀mù Vatican, àti Galleria Borghese. Ẹ má ra ti ọkọ̀ òfurufú tán kí ẹ tó wo bóyá àyè wà níbẹ̀.

1. Galleria Borghese ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó kéré, wọn kì í sì í jẹ́ kí èrò pọ̀ nínú rẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pé, wọ́n á ní kí gbogbo yín jáde. Ẹni tí kò bá gba àyè sílẹ̀ ṣáájú kò ní wọlé.
2. Lẹ́yìn náà, Vatican. Ìkànnì Vatican fúnra rẹ̀ máa ń parí sí .va. Bí ìkànnì tí ẹ wà lórí rẹ̀ bá parí sí .com, alágbàtà ni, owó tí ẹ ó san á sì ga. Ẹ mú wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀, tàbí ọ̀sán lẹ́yìn aago mẹ́ta nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń lọ.
3. Colosseum kẹ́yìn, torí nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ ni wọ́n tó ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ fi aago sí fóònù yín kí ó rán yín létí. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ló gbé yín wọ Forum (àwókù gbàgede ìlú àtijọ́) àti òkè Palatine tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
4. Ẹ kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà. Orúkọ ẹni máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Bí "Fọlákẹ́" bá wà nínú ìwé ìrìnnà yín, ẹ má kọ "Flakky" sí i.
5. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pa mọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe ségesège ní ibi tí èrò bá pọ̀ sí.

### Bí ó bá ti tán ńkọ́?

Ẹ wo ẹgbẹ́ tó ní afinimọ̀nà. Ó wọ́n jù, àmọ́ wọ́n máa ń ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́tọ̀. Bí Colosseum bá sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ yí i po láti ìta, kí ẹ gun òkè Capitolino lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú: gbogbo Forum á tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀ níwájú yín láì san nǹkan kan. Musei Capitolini tó wà lórí òkè yẹn náà ń ṣí lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Ajé.

### Àwọn tí ẹ ó bá lẹ́nu ọ̀nà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, arákùnrin kan tó gbé káàdì kọ́rùn sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Colosseum pé tíkẹ́ẹ̀tì òun "kò ní ìlà." Mo san ìlọ́po méjì. Ó kó wa jọ sábẹ́ igi kan fún nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú títí a fi pé, ló bá kó wa lọ tò sórí ìlà àyẹ̀wò ẹrù tí gbogbo ayé ń tò. Ìlà àyẹ̀wò yẹn, kò sẹ́ni tó ń fò ó. Ìlà tí tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

## Físà àti owó

Bí ìwé ìrìnnà yín bá ń béèrè físà, Schengen, físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ẹ ó gbà. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ ku dín ní ọjọ́ 15. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó bo ìtọ́jú ìlera tó Yúrò 30,000, ó kéré tán. Bí wọn kò bá tíì fún yín ní físà, ẹ má ra ohun tí wọn kò ní dá owó rẹ̀ padà.

Káàdì ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀. Síbẹ̀, ẹ mú owó ẹyọ díẹ̀ dání. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìlú Róòmù ń gba owó orí lọ́wọ́ àlejò ní òròòru, òtẹ́ẹ̀lì ló sì ń bá wọn gbà á. Ó sábà máa ń wà lọ́tọ̀ sí owó yàrá tí ẹ ti san, nítorí náà ẹ má bá akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì jà.

## Láti pápákọ̀ òfurufú dé inú ìlú

Fiumicino ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ sí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

- Leonardo Express: ó ń lọ tààrà sí ibùdókọ̀ Termini láàárín ìṣẹ́jú 32. Yúrò 14 ni.
- FL1: ọkọ̀ ojú irin yìí rẹlẹ̀ lówó, àmọ́ kò dé Termini. Trastevere, Ostiense àti Tiburtina ló ń yà. Bí ibi tí ẹ ó sùn bá sún mọ́ Trastevere, òun gan-an ló tọ́ sí yín.
- Takisí: funfun ni ti ìjọba, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Iye kan pàtó ni láti pápákọ̀ dé inú odi àtijọ́ ìlú, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó bá wá bá yín nínú gbọ̀ngàn pápákọ̀ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé "takisí, takisí", ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin yín bá jẹ́ bébà, ẹ fi lu òǹtẹ̀ lára ẹ̀rọ kékeré tó wà létí ibi ìwọkọ̀ kí ẹ tó wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà tí ẹ kò lù ní òǹtẹ̀, bákan náà ló rí pẹ̀lú èyí tí ẹ kò rà, lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ibùsùn: àdúgbò Monti sún mọ́ Colosseum, àdúgbò Prati sún mọ́ Vatican. Àyíká Termini máa ń rọjú díẹ̀, ọkọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò fani mọ́ra lálẹ́. Yàrá olówó pọ́ọ́kú tó jìnnà réré sí ìlú máa ń gba wákàtí méjì lọ́wọ́ yín lójúmọ́. Lójú tèmi, ẹ̀tàn ni fún ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta.

## Ọjọ́ kìíní: Róòmù àtijọ́

1. Ẹ wọ Colosseum ní wákàtí tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ń jẹ́ Colosseo, lórí Ìlà B. Ẹ má gbé àpótí ẹrù tàbí ìgò gíláàsì dání, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé.
2. Ẹ gun Palatine, lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Forum. Àwọn tó bá kọ́kọ́ wọ Forum máa ń gun òkè Palatine ní ọ̀sán gangan, nígbà tí orúnkún ti ń sọ̀rọ̀.
3. Ẹ má jáde láti lọ jẹun kí ẹ tó wo méjèèjì tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tíkẹ́ẹ̀tì ń gbé yín wọ ibẹ̀.
4. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ rìn lọ sí San Pietro in Vincoli, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ère Mósè tí Michelangelo gbẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Róòmù máa ń tì láti nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ títí di aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí náà ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́.

Ilẹ̀ òkúta ni gbogbo rẹ̀. Òkúta dúdú kéékèèké tí wọ́n fi tẹ́ títì Róòmù, tí wọ́n ń pè ní sampietrini, kò mọ ẹni tó wọ bàtà gogoro.

## Ọjọ́ kejì: Vatican

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí: àwọn èèyàn máa ń lọ dúró sí gbàgede Pétérù Mímọ́ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì mùsíọ̀mù lọ́wọ́. Kò sí ẹnu ọ̀nà mùsíọ̀mù níbẹ̀. Viale Vaticano ló wà, lẹ́yìn odi, ìrìn tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí gbàgede náà. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Ìlà A, ẹ sọ̀ ní Ottaviano tàbí Cipro.

1. Ẹ múra dáadáa. Èjìká àti orúnkún gbọdọ̀ bò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo ti rí ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà bàsílíkà. Aṣọ fẹ́lẹ́ kan nínú báàgì ti tó láti yanjú ọ̀rọ̀.
2. Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo mùsíọ̀mù náà. Ẹ yan yàrá mẹ́ta sí mẹ́rin. Tèmi ni gbọ̀ngàn àwòrán ilẹ̀, àwọn yàrá tí Raphael kùn, àti ilé ìsìn Sistine.
3. Nínú Sistine, ẹ wá àyè jókòó. Ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo èèyàn máa ń dúró láàárín, wọ́n á máa na ọrùn wo òkè fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á sì jáde. Ẹni tó jókòó fún ogún ìṣẹ́jú ló ń rí i pé ògiri tó wà lókè pẹpẹ yàtọ̀ pátápátá sí àjà. Ẹ má ya fọ́tò, wọn kò gbà á.
4. Ẹ jáde, kí ẹ rìn yí po lọ sí bàsílíkà. Ilẹ̀kùn kan wà nínú Sistine tó já sí ẹ̀gbẹ́ bàsílíkà, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ní afinimọ̀nà ni wọ́n fi pa mọ́ fún. Ẹ má fi ọkàn sí i.
5. Bàsílíkà jẹ́ ọ̀fẹ́. Òkè rẹ̀ ni wọ́n ń gbowó fún. Àtẹ̀gùn 551 ló dé òkè òrùlé rìbìtì. Bí ẹ bá san owó ẹ̀rọ agbéniròkè, ó ṣì ku 320. Apá tó kẹ́yìn há, ògiri rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yin náà á máa fì bá a. Ẹni tí àyà rẹ̀ kì í gba ibi híhá, kí ó dúró sísàlẹ̀.

Bí ìlà bàsílíkà bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ padà wá ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà yín lẹ́nu.

## Ọjọ́ kẹta: àárín ìlú, ẹsẹ̀ ni

Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò dé àyíká Pantheon (tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì) àti gbàgede Piazza Navona, nítorí náà ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí:

1. Trevi, orísun omi ńlá tó lókìkí, kí aago méje tó lù. Ní aago mọ́kànlá, ẹ̀yìn orí ẹlòmíì lẹ ó máa wò. Ẹ ju ẹyọ owó kan sí i bí ẹ bá fẹ́. Àwọn tálákà ni wọ́n ń fi owó náà ràn lọ́wọ́. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi, owó ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.
2. Pantheon, nígbà tó bá ń ṣí. Láti 2023 ni wọ́n ti ń gba owó ìwọlé níbẹ̀; Yúrò 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ihò ńlá wà ní àárín òrùlé rẹ̀ tí òjò ń gbà wọlé, ihò kéékèèké sì wà nílẹ̀ tó ń fa omi náà lọ. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú, ẹ sáré lọ síbẹ̀.
3. Ṣọ́ọ̀ṣì San Luigi dei Francesi, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí Pantheon. Àwòrán mẹ́ta tí Caravaggio kùn nípa Mátíù Mímọ́ wà ní igun kan lápá òsì. Ibi tí owó ẹyọ yín ti wúlò nìyí: ẹ fi sínú àpótí kí iná tàn sí àwòrán náà.
4. Piazza Navona, kí ẹ jókòó, kí ẹ sinmi.
5. Àtẹ̀gùn Spain. Ẹ gùn ún, ẹ má jókòó lórí rẹ̀. Láti 2019 ni wọ́n ti fòfin dè é, owó ìtanràn sì lè tó Yúrò 400. Ọlọ́pàá máa ń fun fèrè.
6. Galleria Borghese lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà kí ẹ gba inú ọgbà rìn lọ sí orí òkè Pincio kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ó rí òrùlé bàsílíkà tí ẹ gùn lánàá ní òdìkejì ìlú.

Bí àárẹ̀ bá ti mú yín, ẹ fo nọ́ńbà 4 àti 5. Ẹ má fo Borghese.

## Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, àti àwọn gbéwiri

Yúrò 1.50 ni tíkẹ́ẹ̀tì kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún 100 ìṣẹ́jú. Ẹ lè gun bọ́ọ̀sì púpọ̀ láàárín ìgbà náà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ẹ tún lè fi káàdì báńkì kan ẹ̀rọ náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo tirẹ̀. Wọ́n máa ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú bọ́ọ̀sì, owó ìtanràn sì ju Yúrò 50 lọ.

Bọ́ọ̀sì 64 tó ń lọ láti Termini sí apá Vatican, àwọn onílùú fúnra wọn ń fi gbéwiri inú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ọ̀kan á tì yín nígbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí, ìkejì á bẹ̀bẹ̀, ìkẹta á ti sọ̀ pẹ̀lú pọ́ọ̀sì yín. Ẹ gbé báàgì sáyà, ẹ má fi fóònù sápò ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ so okùn mọ́ yín lọ́rùn ọwọ́ "lọ́fẹ̀ẹ́", tó ń na òdòdó sí yín, tàbí tó wọṣọ jagunjagun àtijọ́ tó ní ẹ wá ya fọ́tò, owó ló ń wá. "No, grazie" kan ti tó. Ẹ má dúró ṣàlàyé. Bí ohun tó burú bá ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà tí ẹ ó pè.

## Jíjẹ àti mímu

- Kọfí tí ẹ bá mu ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà rọjú gan-an ju èyí tí ẹ bá jókòó mu. Ẹ bá wọn lo ilé ìyàgbẹ́ wọn bákan náà, torí ti ìta ṣọ̀wọ́n.
- Ẹ má jẹun níbi tí ẹnì kan bá ti dúró síta tó ń fa àlejò wọlé. Ẹ rìn títì mẹ́ta sẹ́yìn.
- Wọ́n ń ta pizza al taglio ní ìwọ̀n: ẹ fi ọwọ́ júwe ibi tí kí wọ́n gé dé. Supplì, ìyẹn ìrẹsì díndín tó ní wàràkàṣì nínú, á gbé yín di alẹ́.
- Ẹ wo ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ oúnjẹ fún "coperto", "pane" tàbí "servizio". Owó tí wọ́n ń fi kún un ni.
- Ẹ má ra omi. Ẹ̀rọ omi onírin tí wọ́n ń pè ní nasoni lé ní 2,000 káàkiri ìlú, omi wọn mọ́, ó sì tutù. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, omi á tú sókè láti ihò kékeré tó wà lókè, ẹ ó sì mu ún láì tẹ̀ ba.

## Ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó ti àpótí ẹrù

- Ìwé ìrìnnà, àti ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì
- Fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù
- Bàtà tí ẹ ti wọ̀ tó ti mọ ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe tuntun
- Aṣọ fẹ́lẹ́ fún èjìká
- Ìgò omi tí kì í ṣe gíláàsì
- Owó ẹyọ, àti ṣájà

## Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ó padà

Ìwọ́de àti ìyanṣẹ́lódì àwọn awakọ̀ kò ṣàjèjì ní Ítálì. "Sciopero" ni wọ́n ń pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì bóyá ó wà lọ́la, tàbí kí ẹ wo pátákó ní Termini. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì bá yín pe takisí lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, torí bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo àlejò tó wà ní Róòmù ló ń wá takisí.